Ọ̀rọ̀ Méjì Tí Clovis Sọ Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Ọdún mẹ́rìndínlógójì gbáko ni Norbert Bironneau ti abúlé La Gaborinière fi wa ọkọ̀ tó ń kó wàrà láti oko dé oko. Gbogbo ajá ojú ọ̀nà ló mọ̀ ọ́n, kò sì sí èyí tó fẹ́ràn ẹ̀ nínú wọn. Ọkùnrin kúkúrú ni, ikùn ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, fìlà á wá tẹ̀lé e. Tó bá dákẹ́, o ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ tó bá ti la ẹnu, ẹni tó bá wù ú ló máa gba ẹnu ẹ̀ jáde. Ó máa ń sín fádà jẹ, fádà tó ń fi imú wàásù bíi pé ẹ̀wà há sí i níbẹ̀. Ó máa ń sín obìnrin tó ń ta oògùn jẹ, ìyẹn tó máa ń béèrè ibi tó ń dun èèyàn ní ohùn tí gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà á fi gbọ́. Nígbà kan ó sín màlúù tó fẹ́ bímọ jẹ, dókítà ẹran gbé báàgì sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í sín jẹ: Clovis, bàbá tó bí i. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan rí, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ló fa gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ yìí.

Ọdún 1975 ni. Lọ́dún yẹn, àwọn ọ̀dọ́ agbègbè Vendée nílẹ̀ Faransé ṣàdéédé rí i pé àwọn àgbà ń kú, orin sì ń bá wọn lọ sí sàréè. Ká sọ tòótọ́, àwọn àgbà ti ń kú tipẹ́, àmọ́ ọdún yẹn ni ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kí kálukú gbé ẹ̀rọ lọ sílé, kó lọ gba orin lẹ́nu àgbà ilé ẹ̀, kó sì gbé kásẹ́ẹ̀tì padà wá lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Marylène ló ń fi gègé kọ orúkọ sára kásẹ́ẹ̀tì: ẹni tó kọrin, ọjọ́ orí ẹ̀, abúlé ẹ̀. Norbert ti ń wo ọmọbìnrin yìí láti ìgbà ìkórè. Ó fọ́nnu fún un pé bàbá òun ni akọrin màlúù tó dáa jù láti ibí títí dé etí omi.

Irọ́ kọ́. Láyé ìgbà tí wọ́n ń fi màlúù túlẹ̀, ẹni tí kò bá lè kọrin kò lè roko. Màlúù tí wọn ò bá kọrin fún á rò pé iṣẹ́ ti parí, á dúró sójú kan, á máa jẹ àpọ́jẹ. Clovis ní orin kan tó máa ń kọ fún méjì tiẹ̀, ó ń pè wọ́n lórúkọ, ó ń bẹ̀ wọ́n, ó ń bú wọn, ó ń sọ fún wọn pé òkè la ti bẹ̀rẹ̀, odò la ó ti sinmi. Nígbà tí tratọ́, ẹ̀rọ ìtúlẹ̀, dé, ó kọ ọ́ fún tratọ́ náà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Tratọ́ ò dáhùn. Ó wá ń kọ ọ́ nínú ilé màlúù nìkan, nígbà tó bá ń kó koríko. Nígbà tí ìyàwó ẹ̀ kú lọ́dún 1973, ó ti sàréè dé, ó bọ́ kóòtù, ó jókòó, kò sì kọrin mọ́.

Norbert gbé ẹ̀rọ ka orí tábìlì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Clovis wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ọmọ àlejò tó gun àga. Ó ní kó gbé e kúrò níbi tí wọ́n ti ń jẹun. Norbert bẹ̀ ẹ́ ní Túsìdé, ó bẹ̀ ẹ́ ní Tọ́sìdé. Ohun tí bàbá sọ kò pọ̀.

"Màlúù ti lọ. Ìyá ẹ náà ti lọ. Ta ni kí n máa kọ ọ́ fún?"

Bó ṣe tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn nìyẹn, màlúù ló ṣíwájú.

Sátidé ku ọ̀la. Norbert ronú ọmọbìnrin tó ń mú gègé dání. Lọ́sàn-án Fúráìdé, ó wọ ilé màlúù, ó ti ìlẹ̀kùn, ó ki èèpo búrẹ́dì sábẹ́ ètè kó lè dà bí aláìléyín, ó tẹ ẹ̀rọ, ó sì di bàbá ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló ṣe, ohùn tó ń gbọ̀n, èémí tó ń súfèé, àti ikọ́ náà. Tí Clovis bá dé ìpẹ̀kun poro, tó fẹ́ yí màlúù padà, ó máa ń fa ohùn gùn díẹ̀. Norbert fà á gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó rí i pé ó dùn. Ó ń fà á ni èèpo búrẹ́dì bá há a lọ́fun. Ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, ó ń wá èémí. Nígbà tó rí èémí, ó kọrin náà parí.

Ó gbójú sókè. Clovis wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú garawa. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ti dúró síbẹ̀.

"O pẹ́ jù ní ìpẹ̀kun poro," Clovis sọ. "Màlúù á ti dúró."

Ó gbé garawa ẹ̀ kọjá. Norbert tẹ ẹ̀rọ pa.

Lọ́jọ́ Sátidé, Marylène kọ ọ́ sára kásẹ́ẹ̀tì: Clovis Bironneau, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, La Gaborinière. Ó ní òun ò gbọ́ irú ohùn yìí rí láyé òun. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n ṣègbéyàwó. Clovis jókòó síbi ìgbéyàwó náà pẹ̀lú kóòtù ọ̀fọ̀, ó jẹ ẹ̀wà funfun àti ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀, kò kọrin, kò sì tú àṣírí. Ó kú lọ́dún 1979. Fọ́tò mẹ́rin ló fi sílẹ̀. Ohùn ẹ̀ ò sí níbòmíì láyé yìí, àfi ọ̀rọ̀ méjì yẹn tó wà ní ìparí kásẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì kọ orúkọ ọmọ ẹ̀ sí. Ìwé tó wà pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì sọ pé: lẹ́yìn orin, ọ̀dọ́ tó gba orin náà sílẹ̀ sọ̀rọ̀, kò ṣe pàtàkì.

Bó ṣe wà fún àádọ́ta ọdún nìyẹn. Norbert ò sọ fún ìyàwó. Ìyàwó ló ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ọwọ́ òun ló kọ̀wé sára kásẹ́ẹ̀tì Clovis.

Ìgbà òjò tó kọjá ni Faustine wá. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni, ó gbé fáyólìn kọ́ èjìká, bàtà oko ló wọ̀ àmọ́ bàtà náà ò tíì rí oko rí. Ó máa ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi pé aláìsàn ń sùn nínú yàrá kejì. Tanguy tó ń tẹ àkọ́díánì wà lẹ́yìn ẹ̀. Tanguy kì í sọ̀rọ̀ rárá. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa lọ tẹ́tí sí àwọn kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́, kí wọ́n kọ́ orin inú ẹ̀, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ kiri ìlú. Wọ́n ti gbọ́ ohùn bí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Faustine ní nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tó tó ti Clovis. Ó ní òun wá wo ilé tí wọ́n bí ohùn náà sí. Marylène bu kọfí, ó gé búrẹ́dì aládùn bíríọ́ṣì, ó sì sọ ti ìkọ̀wé ẹ̀.

Faustine gbé fóònù ka orí tábìlì, ní ibi tí ẹ̀rọ ti wà níjọ́sí gan-an, ó tan orin. Norbert gbọ́ ara ẹ̀. Faustine di ojú. Nígbà tó dé ibi ìdákẹ́, ó na ìka sókè, ó ń kà á.

"Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, bàbá. Ẹ gbọ́ ọ. Gbogbo ayé àgbẹ̀ ló wà níbẹ̀ yẹn. Ikú ìyàwó ẹ̀ wà níbẹ̀."

Norbert ní búrẹ́dì náà lè wà níbẹ̀. Faustine ní bẹ́ẹ̀ ni, búrẹ́dì náà, oúnjẹ òòjọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé.

Orin parí, Faustine sì tẹ fóònù pa. Norbert ní kó jẹ́ kó máa lọ. Ọmọbìnrin náà ní kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́, pé Norbert fúnra ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ nígbà èwe. Norbert ní kó sáà jẹ́ kó máa lọ. Ó wá tàn án. Ohùn Clovis jáde láti inú fóònù ní kíṣìnì tí Clovis ti jẹun fún ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ó ní o pẹ́ jù ní ìpẹ̀kun poro, màlúù á ti dúró. Norbert dìde, ó lọ wo iná. Iná ò ṣe nǹkan kan. Ó jókòó, ó ní kó tún un tàn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Faustine tàn án. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé bàbá fẹ́ràn ohùn ara ẹ̀ nígbà tó ṣì ń dọmọkùnrin.

Ó wá sọ ohun tó bá wá gan-an. Wọ́n ń ṣe àwo orin. Ohùn Clovis gan-an ló máa bẹ̀rẹ̀ orin ẹ̀, àwọn á wá gbà á. Fọ́tò Clovis máa wà lẹ́yìn páálí àwo. Ọ̀rọ̀ ìparí yẹn nìkan làwọn máa gé dànù. Ó ti fi ọ̀rọ̀ ìparí náà ránṣẹ́ sí fóònù Norbert, kó máa gbọ́ ọ tó bá wù ú.

Ìgbà tí mọ́tò wọn lọ tán ni ọ̀rọ̀ náà wá wọ Norbert lára. Fọ́tò Clovis, orúkọ Clovis, ohùn Norbert. Clovis fúnra ẹ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú garawa, wọ́n fẹ́ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn níta. Bàbá tí kò gbà kí wọ́n gba ohùn òun, tó wá sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ méjì láìmọ̀, méjì náà ni wọ́n fẹ́ gé. Tí wọn ò bá ní gé e, á jẹ́ pé Norbert ní láti sọ ẹni tó sọ ọ́. Tó bá sì sọ ẹni tó sọ ọ́, á ní láti sọ ẹni tó kọrin.

Ó gbìyànjú ọ̀nà ẹ̀bùrú. Lójoojọ́ Tọ́sìdé, Faustine máa ń kọ́ àwọn ará abúlé lórin náà ní ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́, kí wọ́n lè máa gbè é lọ́jọ́ tí àwo bá jáde. Norbert lọ forúkọ sílẹ̀. Ó rò pé tóun bá ti di ara ilé, òun á lè sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, ẹ fi ìparí yẹn sílẹ̀, ó dùn ún gbọ́. Ó sọ ọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Faustine ní kì í ṣe àwo ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Ó sọ ọ́ lọ́sẹ̀ kejì. Faustine ní ó dun òun láti sọ ọ́, àmọ́ ohùn Norbert nígbà èwe ò ní ìtumọ̀ fún ẹni tó bá ń gbọ́ orin.

Lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n ní kí kálukú dá orin kọ. Norbert kọ ọ́. Faustine gbé ìka lé ètè, ó ronú.

"Ó dáa, bàbá. Ó kàn mọ́ jù ni. Ẹ ń kọ ọ́ bí ẹni tó jẹun yó. Ẹ tẹ́tí sí Clovis dáadáa, kẹ́ ẹ sì fi ọjọ́ orí sí i díẹ̀."

Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni Norbert. Ó ní òun á gbìyànjú. Obìnrin tó ń ta oògùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, òun mọ orin náà kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òun ni wọ́n ní kó máa lé orin.

Nígbà tó délé, kò lè jẹ ẹ̀wà. Marylène wò ó. Ìyàwó tó bá ti fi àádọ́ta ọdún wo ọkọ jẹun, á mọ̀ tó bá ń ka ẹ̀wà dípò kó jẹ ẹ́. Ó bi í pé ta ló kú. Norbert sọ fún un. Ó sọ ti èèpo búrẹ́dì, ó sọ ti garawa, ó sọ ti Sátidé. Marylène gbọ́ ọ tán, ó fi ègé búrẹ́dì nu àwo ẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Torí ohùn yẹn ni mo ṣe fẹ́ ẹ," ó ní.

"Èmi ló ni ohùn yẹn, ṣé o rí i."

"Mo rò pé o máa dà bíi bàbá ẹ tó bá yá. Èyí tí mo ń dúró dè látìgbà yẹn nìyẹn."

Ó dìde, ó kó àwo. Láti ibi tó ti ń fọ̀ wọ́n ló ti sọ pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni àwo orin ń lọ sílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, pé Faustine ló sọ fún òun. Ó ní tí Norbert bá fẹ́ kí àlejò jókòó sí àga bàbá ẹ̀, kó dákẹ́. Tí kò bá fẹ́, kó wọ bàtà.

Ó wọ bàtà. Ọjọ́ kejì ni, Fúráìdé, aago mẹ́ta ọ̀sán. Faustine àti Tanguy wà ní ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́, kọ̀ǹpútà wà níwájú wọn. Marylène jókòó sórí àga ọmọ iléèwé lẹ́yìn, báàgì wà lórí itan ẹ̀.

"Kì í ṣe Clovis ló kọrin yẹn," Norbert sọ. "Èmi ni."

Faustine wò ó bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wo ẹni tó ní òun ti san. "Ó yé mi, bàbá. Ẹni tó bá pàdánù bàbá ẹ̀, ìgbà míì á máa rò pé òun gan-an ti di bàbá náà."

"Mi ò di ẹnì kankan. Inú ilé màlúù ni mo wà. Búrẹ́dì wà lẹ́nu mi."

Faustine ní òun ti kọ odindi ojú ìwé kan lórí bí ohùn yẹn ṣe ń gbọ̀n, pé ọjọ́ orí nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kó kọ ọ́ nígbà náà, káwọn gbọ́. Norbert kọ ọ́. Ó sa gbogbo agbára ẹ̀. Ó ń wá bí ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ṣe sín ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin jẹ, àmọ́ ọ̀fun ẹ̀ ti dàgbà jù fún ìyẹn. Àgbàlagbà tó ń kọrin ló jáde. Tanguy mi orí. Faustine ní, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nítorí aláìsàn inú yàrá kejì, pé ohùn Clovis gbó ju ti Norbert lọ.

Norbert jókòó. Ó gbé fìlà lé orúnkún. Marylène sọ látẹ̀yìn pé kí wọ́n bi í ní ohun tí bàbá ẹ̀ sọ fún un nígbà tó kọrin náà tán. Kò sẹ́ni tó bi í. Ó dá a sọ fúnra ẹ̀, sínú fìlà, pẹ̀lú ohùn ẹni tí ó ti rẹ̀.

"O pẹ́ jù ní ìpẹ̀kun poro. Màlúù á ti dúró."

Tanguy gbé orí sókè.

"Ẹ tún un sọ," ó ní. Faustine yíjú wò ó, torí láti ọjọ́ Mọ́ńdè kò tíì sọ̀rọ̀.

Norbert tún un sọ. Tanguy fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀, ó wá ìparí kásẹ́ẹ̀tì, ó tàn án. Ohùn kan náà ni. Èémí kan náà, ìdádúró kan náà, bí ètè ṣe ń pàdé láìsí eyín iwájú, torí ti Norbert náà ti yọ. Ó dà bíi pé Norbert tó jókòó síbẹ̀ ti lọ sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Faustine," Tanguy ní, "ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún wo ló ní irú ohùn yìí?"

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni Faustine gbọ́ ọ. Ọdún méjì ló ti ní kásẹ́ẹ̀tì yìí lọ́wọ́. Ìwé ló ti sọ pé ọ̀dọ́ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, etí ò sì bá ìwé jiyàn. Kò sunkún. Ó bọ́ bàtà oko ẹ̀ kan, ó tún wọ̀ ọ́ padà.

"Kí ni bàbá yín ń sọ níbẹ̀ gan-an?" ó béèrè nígbà tó yá. Kò rọra sọ̀rọ̀ mọ́.

"Èmi ló ń bá wí. Ó ní mo fa ìparí gùn jù. Tó o bá dákẹ́ níbẹ̀, màlúù á rò pé o ti ṣíwọ́, á dúró. O ò ní rí i yí padà mọ́."

"Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà yẹn?"

"Búrẹ́dì ni. Mo ti sọ fún ẹ níjọ́sí."

Orí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà yẹn ni wọ́n kọ́ gbogbo orin náà lé. Wọ́n máa dákẹ́, fáyólìn á dákẹ́, àkọ́díánì á wá wọlé nísàlẹ̀. Ìlú mẹ́ta ni àwọn tó ń gbọ́ ọ ti sunkún níbẹ̀. Faustine bi í bóyá káwọn yọ ọ́. Norbert ronú sí i dáadáa, torí ìbéèrè iṣẹ́ ni.

"Tẹ́ ẹ bá ní màlúù, ẹ yọ ọ́," ó ní. "Tẹ́ ò bá ní màlúù, ó dùn."

Wọn ò ní màlúù. Wọ́n fi í sílẹ̀. Marylène ṣí báàgì, ó yọ bírò, ó ní òun lòun kọ ti àkọ́kọ́, òun náà lòun máa kọ èyí. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tó ń lọ fún àwọn tó ń tẹ àwo: ẹni tó kọrin, Norbert Bironneau, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ẹni tó sọ̀rọ̀, Clovis Bironneau, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Fọ́tò Clovis ni wọ́n lò náà, nítorí irun tí Norbert ní lọ́dún 1975 ò ṣeé fi ta nǹkan. Ojú ìwé tí Faustine kọ nípa ohùn tó ń gbọ̀n, ó fa gègé sí i lórí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ní kí Norbert má sín òun jẹ lójú fádà.

Ní oṣù kẹwàá, wọ́n gbé àwo jáde ní gbọ̀ngàn abúlé. Gbogbo èèyàn ti jẹ búrẹ́dì aláyù, wọ́n ti mu wáìnì. Faustine tan ti kásẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́, kí àwọn tó kọ ọ́ fúnra wọn. Orin náà lọ, ó dé ìpẹ̀kun poro, ó dákẹ́. Obìnrin tó ń ta oògùn yọ áńkáṣíìfù. Orin parí. Ọ̀rọ̀ méjì náà sì jáde nínú sípíkà, gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́ ọ.

Àgbà mẹ́rin ló kù lábúlé tó mọ Clovis lójú ayé. Orí ìlà iwájú ni wọ́n jókòó sí, oorun ti ń gbé méjì lọ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin na ẹ̀yìn gbọọrọ. Ọ̀kan nínú wọn, Gustave, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún tó ti jẹ́ ọmọ iṣẹ́ Clovis nídìí ìtúlẹ̀ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ṣí fìlà lórí.

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá," ó ní.

Ó dé fìlà ẹ̀ padà, ó gbé wáìnì ẹ̀.